Fọ́tò Ibojì: Ibo Ni Ká Gé, Àwọ̀ Wo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí 2 Oṣù Kọkànlá bá ti kọjá, tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti gbàdúrà fún àwọn olóògbé wọn, fọ́tò ibojì a kún orí fóònù àwọn èèyàn ní Àkúrẹ́. Bó bá di Disẹ́ńbà tí àwọn ará Èkó àti ti òkè òkun wálé ṣe ìrántí, ó tún ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ náà ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan á ya ibojì bàbá rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí: ilẹ̀ pupa fòò, koríko tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní ó dà bí ibi àríyá, kó sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tán, àǹtí wọn á pè láti Ọ̀wọ̀ pé ta ló tún kú. Wọ́n á wá gbé e lọ tẹ̀ fún fírémù, orí àgbélébùú ò ní bá wọn délé.

Onífọ́tò ni gbogbo wọn máa ń bú. Òun náà lè jẹ̀bi, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìpinnu méjì kan ni kò sẹ́ni tó jókòó ṣe: ibo la máa gé dé, àti kí la máa ṣe sí àwọ̀. Èrò tèmi ni pé ibojì ilẹ̀ wa kò jọ òkúta eléérú tí à ń rí nínú fíìmù òyìnbó, tí òjò ń pa lábẹ́ ọ̀run ṣíṣú. Tiwa ní àwọ̀, ó sì sábà máa ń ní ilé lẹ́yìn. Ẹni tó bá sáré gé e mọ́ra, tó sáré yọ àwọ̀ rẹ̀, ibojì ẹlòmíì ló yà.

Kí là ń pè ní gígé?

Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń gé fọ́tò. Ti àkọ́kọ́ wà níbi tí ẹ dúró sí: ohun tí ẹ jẹ́ kó wọlé sójú kámẹ́rà àti ohun tí ẹ fi síta. Ẹ̀ẹ̀kejì ni èyí tí àwọn onífọ́tò ń pè ní kíróòpù, ìyẹn ìgbà tí ẹ bá ti ya fọ́tò tán, tí ẹ wá ń fi ìka tàbí kọ̀ǹpútà gé etí rẹ̀ kúrò. Ti àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí ohun tí kò bá wọlé nígbà náà, kò sí kíróòpù tó lè dá a padà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni bóyá kámẹ́rà rí àwọ̀ náà bó ṣe rí. Èkejì ni bóyá àwa fúnra wa fẹ́ kí àwọ̀ wà níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n sọ di dúdú-òun-funfun, èyí àkọ́kọ́ ló bà á jẹ́. Wọ́n kàn fi èkejì bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ta ló fẹ́ wò ó?

Ọmọ tó wà ní Kánádà tí kò ráàyè wálé fẹ́ mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ìyá rẹ̀ sí. Ẹni tó ń kọ ìtàn ìdílé fẹ́ ka orúkọ àti ọdún. Ẹni tó fẹ́ fi fọ́tò sójú ògiri pálọ̀ fẹ́ ohun tó tutù lójú. Fọ́tò kan ṣoṣo kì í sábà tẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́rùn, nítorí náà ẹ ya ju ẹyọ kan lọ: èyí tó jìnnà tí gbogbo àyíká wà nínú rẹ̀, èyí tó gba ibojì látòkè délẹ̀, àti èyí tó sún mọ́ ìkọ̀wé. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ṣé ká sún mọ́ ọn ni, àbí ká jẹ́ kí ilé hàn?

Níbí ni mo ti máa ń bá àwọn onífọ́tò jà. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọ̀pọ̀ àgbà ni kò sí ní itẹ́ òkú ìjọ tàbí ti ìjọba. Inú ọgbà ilé wọn ni wọ́n wà, níwájú ilé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú táìlì tí wọ́n fi bo ibojì àti òkúta ìkọ̀wé níbi orí. Táǹkì omi wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn aṣọ wà níbẹ̀, ilé jẹnẹrétọ̀ náà ò jìnnà. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé ká sún mọ́ ọn kí gbogbo ìyẹn lè kúrò lójú.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí ẹ fẹ́ gé kúrò yẹn, olóògbé ló kọ́ ọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ owó kòkó ló fi kọ́ ọ. Ìdí tí wọ́n fi tẹ́ ẹ síbẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ilé bá kúrò nínú fọ́tò, ohun tó kù ni táìlì, táìlì sì pọ̀ nílùú. Ohun tó yẹ kó kúrò ni ohun tí ọwọ́ lè gbé: bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, bàtà ọmọdé, aṣọ tó wà lórí okùn. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú fóònù yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Walker Evans, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, ya itẹ́ òkú kan ní ìlú Bethlehem ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lọ́dún 1935. Àgbélébùú òkúta funfun kan gbòòrò níwájú, ilé àwọn òṣìṣẹ́ tò sí àárín, símínì, ìyẹn ọ̀pá èéfín ilé-iṣẹ́ irin, sì nà sókè lẹ́yìn wọn. Ó tò wọ́n débi pé ó dà bíi pé wọ́n fara kan ara wọn. Ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n gbé, ibi tí wọ́n sin wọ́n sí, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Ká ní ó gé e mọ́ àgbélébùú nìkan ni, ta ni ì bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní?

Ọgbọ́n yẹn kò ju agbára fóònù lọ. Tí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibojì pẹ́kípẹ́kí, ibojì á tóbi, ilé á kéré, á dà bíi pé ó wà lọ́nà jíjìn. Tí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn dáadáa, tí ẹ wá fi súùmù 2 tàbí 3 fà á mọ́ra, ilé á gbòòrò, á wá dúró ti ibojì lẹ́yìn. Ní Ìdànrè, níbi tí òkè wà lẹ́yìn ohun gbogbo, bí wọ́n ṣe ń mú kí òkè tóbi nínú fọ́tò náà nìyẹn.

Ẹ kíyè sí bí òkúta ìkọ̀wé ṣe dúró pẹ̀lú. Tí ẹ bá nàró, tí ẹ wá dorí fóònù kọ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ òkúta á súnkì, orí rẹ̀ á fẹ̀. Ẹ lóṣòó títí lẹ́ńsì fi máa bá àárín òkúta dọ́gba. Kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe lẹ́yìn náà, àmọ́ yóò jẹ nínú etí fọ́tò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àyè díẹ̀ kù yí ibojì ká.

Kí ni a kò gbọdọ̀ gé?

Orúkọ. Bí orúkọ olóògbé bá wọlé sínú fọ́tò, kó wọlé tán, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó jáde láyé. Bí àyè kò bá gbà á, ẹ má fi sí i rárá. Orúkọ tí wọ́n gé sí méjì, ojú ẹni tó ni ín kì í gbà á, kódà bí fọ́tò náà bá lẹ́wà.

Nínú itẹ́ òkú ìjọ, ibojì sún mọ́ra, orúkọ ẹbí ẹlẹ́bí sì lè bọ́ sínú fọ́tò yín. Bó bá jẹ́ pé ilé ló ń lọ, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e síta fún ayé rí, ẹ sún síbòmíràn, tàbí kí ẹ gé e láàárín ibojì méjì. Ẹni tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì kejì kò pè yín wá ya òun. Níbi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí, tí ibojì sábà máa ń lọ sílẹ̀, tí kì í sí òkúta gàgàrà lórí rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kí ẹ tó yọ fóònù jáde.

Kí ló dé tí orí àgbélébùú fi ń lọ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́?

Torí pé fọ́tò àti fírémù kò rí bákan náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún yín. Kámẹ́rà ńlá sábà máa ń ya fọ́tò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 3 tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 2. Ti fóònù jẹ́ 4 sí 3. Fírémù tí ẹ máa rí rà lọ́jà jẹ́ 4 sí 6, 5 sí 7, 8 sí 10, tàbí 12 sí 16 íǹṣì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fọ́tò kámẹ́rà kan ní píksẹ̀lì, ìyẹn àwọn tóótòòtó àwọ̀ tó para pọ̀ di fọ́tò, 6000 ní gígùn àti 4000 ní ìbú. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní 8 sí 10, 5000 péré nínú 6000 yẹn ló lè wọ ìwé. Ìyókù, ìdá kan nínú mẹ́fà gígùn fọ́tò, gbọ́dọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti fi àgbélébùú kan etí òkè, orí rẹ̀ ló máa lọ. Ti fóònù tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ní 4 sí 6 máa ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́sàn-án láti ìbú. Ṣùgbọ́n 12 sí 16 bá fóònù mu rẹ́gí, kò gé nǹkan kan. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń ta fírémù kì í sọ èyí fún èèyàn.

Kíróòpù púpọ̀ tún máa ń jẹ fọ́tò lágbára. Bí ẹ bá gé fọ́tò 6000 sí 4000 yẹn títí ó fi ku 3000 sí 2000, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Ní ìwọ̀n 300 píksẹ̀lì sí íǹṣì kan tí àwọn atẹ̀wé fẹ́ràn, ó tó íǹṣì 10 péré ní gígùn. Bí ẹ bá wá gbé irú rẹ̀ sórí bánà ìrántí, á fọ́.

Aago mélòó ni ìkọ̀wé máa ń hàn?

Lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta tí wọn kò kùn kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Òjìji ló ń jẹ́ ká rí i. Bí oòrùn bá kọjú sí òkúta tààrà, òjìji á sá, orúkọ á parẹ́. Ohun tí a fẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń fẹ̀gbẹ́ ra ojú òkúta kọjá.

Òkúta tó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ibojì, òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára fún un, nígbà tí oòrùn ṣì lọ sílẹ̀. Òkúta tó dúró nàró yàtọ̀. Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n dígíríì 7 lọ sí àríwá ìlà ìdajì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà ní àtàrí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, àtàrí gan-an ló máa ń dúró sí. Oòrùn bẹ́ẹ̀ ń ti òkè ṣàn wálẹ̀ lójú òkúta tó nàró, gbogbo lẹ́tà á sì yọ. Èyí tako ìmọ̀ràn inú fídíò àwọn òyìnbó tó ní kí a máa sá fún oòrùn ọ̀sán. Oòrùn tiwọn kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀.

Bí ibojì bá wà lábẹ́ ibòòji, ẹ ní kí ẹnì kan mú dígí jáde kó dúró sínú oòrùn, kó fi ta ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sójú òkúta. Dígí inú yàrá lásán ti tó. Ẹ má fi ẹfun, ṣọ́ọ̀kì tàbí pọ́dà pa lẹ́tà kó lè hàn. Ó ń wọnú òkúta, kì í tètè kúrò.

Kí ló dé tí ibojì funfun fi di eérú, tí ilẹ̀ pupa sì ṣá?

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé ibojì ni. Ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, ó sì gbà pé ohun gbogbo, tí a bá pò ó pọ̀, wà láàárín dúdú àti funfun. Bíi télọ̀ tó ń rán ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ẹbí ló rí: ẹni tí kò sanra tí kò sì tín-ín-rín nìkan ni aṣọ máa bá mu. Táìlì funfun kún ojú rẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, funfun di eérú. Òkúta dúdú dídán kún ojú rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, ó fi kún ìmọ́lẹ̀, dúdú náà di eérú, ọ̀run sì fọ́ funfun.

Lórí fóònù, ẹ tẹ ojú ibojì, ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó yọ: ẹ fà á sókè díẹ̀ fún funfun, sísàlẹ̀ díẹ̀ fún dúdú. Lórí kámẹ́rà ńlá, níbi àmì +/- tí wọ́n fi ń fi kún ìmọ́lẹ̀ tàbí dín in kù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti +1 fún ibojì funfun àti -1 fún dúdú. Òkúta dídán tún máa ń ṣe bíi dígí, á yà yín mọ́ orúkọ olóògbé. Ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́.

Ti pupa ni ọ̀rọ̀ wà. Fóònù máa ń gbìyànjú láti mú kí àwọ̀ gbogbo dọ́gba. Nígbà tó bá rí ilẹ̀ Àkúrẹ́ tó pupa káàkiri, ó máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pupa, á wá da búlúù sí i láti fi tún un ṣe. Ilẹ̀ á ṣá, táìlì á dà bí aṣọ tí wọ́n fi búlúù fọ̀. Lábẹ́ ibòòji ó tún burú sí i, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀, láti ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù ló ti ń wá. Bí fóònù tàbí kámẹ́rà yín bá gbà yín láyè láti yan irú ìmọ́lẹ̀, ẹ yan oòrùn bí ẹ bá wà nínú oòrùn, ibòòji bí ẹ bá wà lábẹ́ igi. Bí kò bá gbà, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn náà: ẹ wá ibi táìlì tó mọ́ tí ẹ dájú pé ó funfun, kí ẹ sì ṣàtúnṣe títí táìlì náà fi máa funfun nínú fọ́tò.

Ìdọ̀tí pupa tí òjò fọ́n sí ìsàlẹ̀ táìlì ńkọ́? Ẹ fi kànìnkàn nù ún kí ẹ tó yà á bó bá jẹ́ ibojì yín. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ìgbà òjò, ewé pèrègún àti koríko máa ń tutù débi pé àwọn ni ojú kọ́kọ́ ń bá. Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n ọjọ́sí rí tó fi ní ibi àríyá ni. Kò nílò dúdú-òun-funfun. Ẹ dín agbára àwọ̀ ewé nìkan kù, kí ẹ fi pupa àti funfun sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lightroom, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, lè ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo wá ni dúdú-òun-funfun yẹ?

Nígbà ọyẹ́, ó yẹ gan-an. Ọ̀run á funfun bí ẹ̀kọ, eruku á bo ewé, kò sí àwọ̀ kankan tí ẹ fẹ́ dáàbò bò mọ́. Ó yẹ fún ibojì àtijọ́ tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti sán, tí ewédò ti hù lára rẹ̀, tó jẹ́ pé ojú ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ nígbà tí òjìji bá le.

Ó kù díẹ̀ káàtó fún ibojì tuntun lórí ilẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Tí fóònù bá ń yọ àwọ̀ kúrò, ó máa ń pò wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tó bá ojú èèyàn mu: nínú 100, àwọ̀ ewé ló ní nǹkan bí 59, pupa ní 30, búlúù ní 11. Ilẹ̀ pupa wa àti koríko sábà máa ń bọ́ sórí eérú kan náà nínú ìṣirò yẹn. Ibi tí koríko parí sí, ibi tí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di àpòpọ̀. Fọ́tò á rí pẹlẹbẹ, ẹbí á sì ní onífọ́tò ò mọ iṣẹ́.

Àtúnṣe wà. Nínú Snapseed, áàpù mìíràn tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, lábẹ́ dúdú-òun-funfun, àwọn àmì aláwọ̀ kan wà tí ẹ lè yàn. Bí ẹ bá yan pupa, ilẹ̀ á mọ́lẹ̀, koríko á ṣú, ọ̀run búlúù náà á ṣú. Bí ẹ bá yan àwọ̀ ewé, koríko á mọ́lẹ̀, ilẹ̀ á ṣú. Fún ibojì funfun tí ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, pupa lèmi máa ń yàn.

Ọ̀kan lára àwọn fọ́tò itẹ́ òkú tó lókìkí jù nínú dúdú-òun-funfun ni èyí tí Ansel Adams, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, yà ní abúlé Hernandez, ní New Mexico, ní Oṣù Kọkànlá 1941. Àwọn àgbélébùú funfun kéékèèké ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń wọ̀ lọ, òṣùpá wà lókè wọn, ọ̀run sì gba ohun tó ju ìdajì fọ́tò lọ. Kò sún mọ́ wọn, kò gé ọ̀run kúrò. Ọ̀run tó dúdú kirikiri tí ayé mọ̀ yẹn, kì í ṣe bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ìkùukùu wà níbẹ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀, àmọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún tó ń tẹ òmíràn, ló ń mú un ṣú sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ni dúdú-òun-funfun, kì í ṣe bọ́tìnnì kan tí èèyàn ń tẹ̀ kí fọ́tò lè bọ̀wọ̀ fún òkú.

Àṣà kan tún wà tí wọ́n ti ń yọ gbogbo àwọ̀ kúrò, tí wọ́n á wá fi òdòdó pupa nìkan sílẹ̀. Òdòdó ọ̀rá ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun ni gbogbo ojú á sì lọ bá, orúkọ á di ohun ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n ń pa láwọ̀ búráùn bí fọ́tò ayé àtijọ́ náà wà. Ẹni tí wọ́n sin lóṣù tó kọjá á dà bí ẹni tó kú nígbà òyìnbó amúnisìn. Mi ò rí ìdí kankan fún un.

Báwo ni ká ṣe fi í ránṣẹ́ fún atẹ̀wé?

Ẹ tọ́jú ògidì fọ́tò tí ẹ kò tíì gé, kí ẹ ṣe gígé àti àwọ̀ lórí ẹ̀dà rẹ̀. Tí ẹ bá fi ṣọwọ́ lójú WhatsApp bí fọ́tò lásán, ó máa ń fún un pọ̀, píksẹ̀lì á dín kù gan-an; ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́, ìyẹn document, ni kí ẹ gbà. Ẹ sọ fún atẹ̀wé pé kó má fi àwọ̀ kún un, kó sì fi bí yóò ṣe gé e hàn yín lójú kọ̀ǹpútà kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí fírémù 8 sí 10 bá ti wà nílé tí ẹ kò sì fẹ́ pàdánù nǹkan kan nínú fọ́tò kámẹ́rà, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 10 sí 6 àti díẹ̀, kó fi etí funfun sílẹ̀ lápá méjèèjì. Iye kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbà.